Ṣé kí a jẹ́ kí ọmọ náà sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà nínú ọkọ̀ wa tó gbókìtì lóṣù méje sẹ́yìn. Èmi náà wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kú, ọgbẹ́ apá rẹ̀ sì ti jinná, àmọ́ kò jọ ọmọ tí mo mọ̀ mọ́. Ó ti padà sí títọ̀ sórí ibùsùn, ó ń pariwo lóru, bí a bá sì fẹ́ wọ ọkọ̀, bàbá rẹ̀ ní láti gbé e wọlé tipátipá. Láàárọ̀ lálẹ́, ọkọ̀ ìṣeré méjì kan náà ló ń fi kọlu ara wọn. Olùkọ́ rẹ̀ ní kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́ mọ́, pé ó ti ya olóríkunkun. Àwọn ẹbí ní kí ẹnikẹ́ni má mẹ́nu bà á lójú rẹ̀, pé ọmọdé ni, yóò gbàgbé. Onímọ̀ ìlera ọpọlọ tí wọ́n júwe fún wa wá ní òun máa mú kí ó sọ ìtàn jàǹbá náà látòkè délẹ̀, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n fẹ́ ya egbò tó ti ń jinná. Ṣé kí n gbà fún wọn? Àbí oògùn wà tó lè mú un sùn, kó sì gbàgbé?"

Ẹ kú ewu, ìyá wa. Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ sì kú ewu ara yín náà, torí gbólóhùn kan péré lẹ fi sọ pé ẹ̀yin náà wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún, ẹ sì gba ibẹ̀ kọjá. N óò padà síbẹ̀. Èsì mi ni pé kí ẹ gbà. Bí onítọ̀hún bá mọ iṣẹ́ yìí, tó sì ń ṣe é bó ṣe yẹ ká ṣe é, ìtàn sísọ yẹn gan-an ló wà láàárín ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ fún ọmọ tí irú èyí bá ń bá jà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yín kì í ṣe ìbẹ̀rù òpè. Ọ̀nà tí kò dára tí àwọn èèyàn ń gbà mú ọmọdé sọ̀rọ̀ pọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí egbò tí ẹ mẹ́nu bà. Láàárín oṣù kìíní lẹ́yìn irú jàǹbá bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tí a kì í rí lára ọmọ tí yóò gbádùn fúnra rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Ọmọ á lá àlákálàá, á lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, á tọ̀ sílé, nígbà tó bá yá, á bọ̀ sípò. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kì í fi í pè é ní PTSD, ìyẹn ìpayà tó ń bá èèyàn gbé lẹ́yìn tí ewu ti kọjá, àyàfi tó bá ti lé ní oṣù kan. Àwọn ọmọ tó pọ̀ jù kì í tilẹ̀ ní in. Nígbà tí àwọn olùwádìí kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lọ́dún 2014, wọ́n rí i pé nínú 100 ọmọ tí ohun abanilẹ́rù gidi ṣẹlẹ̀ sí, nǹkan bíi 16 ló bọ́ sínú rẹ̀. Àwọn tí ara wọn máa balẹ̀ láìgba ìtọ́jú, láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, bí a bá kàn ń wò ó níran, ojú kan náà ló sábà máa ń wà. Tiyín ti di oṣù méje. Egbò tí ẹ sọ pé ó ń jinná yìí, awọ ló bo ojú rẹ̀, ọyún ṣì wà nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ya ohun tó ti san.

Ní ti pé ọmọdé yóò gbàgbé, àwọn oníṣègùn pàápàá ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ohun kan tó yí ọ̀pọ̀ nínú wọn lérò padà ṣẹlẹ̀ ní Chowchilla, ìlú kékeré kan ní California, lóṣù keje ọdún 1976. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n mú ìbọn dání dá ọkọ̀ ilé ìwé kan dúró, wọ́n kó ọmọ 26 àti awakọ̀ wọn, wọ́n sì sé wọn mọ́ inú ọkọ̀ ẹrù kan tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ níbi ìwakùsà. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 16 lábẹ́ ilẹ̀, awakọ̀ náà àti àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wá ọ̀nà jáde. Gbogbo wọn ló yè. Àwọn èèyàn ní ó ti parí, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́. Dókítà ọpọlọ kan, Lenore Terr, lọ bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó sì tún padà lọ bá wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó rí tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lára rẹ̀ pátá. Wọ́n ń fi í ṣeré, wọ́n ń lá a lálàá, àwọn kan ò tilẹ̀ gbà pé àwọn máa dàgbà dọjọ́ alẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti bá ara wọn wá àmì kan, ohun kékeré kan tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, pé ká ní àwọn fiyè sí i ni, wọn ò ní kó àwọn lọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ àmì yẹn sọ́kàn, torí ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ni ọmọ yín ti há. Ọmọdé kì í fẹ́ gbà pé nǹkan burúkú lè ṣàdédé ṣẹlẹ̀. Bí kò bá rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi, ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi. Oríṣiríṣi ni mo ti gbọ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀kan ní òun àti àbúrò òun ló ń jà lẹ́yìn ọkọ̀, tí bàbá fi bojú wẹ̀yìn. Òmíràn ní òun ti ń wí nínú ara òun láti àárọ̀ pé kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ kí àwọn má baà dé ilé ìwé, torí ìdánwò wà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé wọn, nítorí wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ náà. Ẹ wò ó láti ibi tí ọmọ jókòó sí: ó wọ yàrá, gbogbo àgbà panu mọ́, wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Kò ní rò pé wọ́n ń ṣàánú òun. Á rò pé wọ́n ti mọ ohun tí òun ṣe.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí rẹ̀ rèé. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ lásán, ọpọlọ á tò ó: ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, a sì mọ̀ pé ó ti kọjá. Ti ọjọ́ ìpayà kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìró gíláàsì, òórùn epo, ìgbànú tó fún un láyà, igbe yín, wẹ́wẹ́wẹ́ ni wọ́n wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Bí ọ̀kan bá ta sí i, ó lè jẹ́ ìlẹ̀kùn tí ẹnì kan gbá dé, kò ní ṣe bí ẹni tó rántí nǹkan. Á ṣe bí ẹni tí ọkọ̀ tún ń gbókìtì pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí olùkọ́ ń rí náà nìyẹn. Ọmọ yìí fọkàn sí nǹkan o, ìró ló ń ṣọ́ látàárọ̀, ta ló ń bọ̀, kí ló bú yẹn, ibo ni ọ̀nà àbájáde wà. Ẹni tó ń ṣọ́ ewu lójú mọ́mọ́, tí kò sì rí oorun sùn lóru, inú á máa tètè bí i. Ẹ lọ bá olùkọ́ náà, ẹ ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe oríkunkun. Kó jẹ́ kí ó jókòó síbi tí ojú rẹ̀ á ti tó ìlẹ̀kùn, kó sì máa ta á lólobó kí agogo tó dún.

Èyí tó ń bọ́ ìbẹ̀rù náà tó fi ń sanra ni yíyẹra. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní kó má wulẹ̀ wọ ọkọ̀ mọ́, àyà rẹ̀ á balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tiyín náà á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ọkọ̀ yẹn ì bá pa òun, àìwọ̀ ọ́ ló gba òun là. Bó bá tún di ọjọ́ mìíràn, ẹ̀rù ọ̀hún á ti lé sí i. Dídákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀ka kan nínú yíyẹra kan náà ni. Àmọ́ o, gbígbé e sọ sínú ọkọ̀ tipátipá kọ́ ni àtúnṣe rẹ̀. Ohun tí ìyẹn ń kọ́ ọ ni pé ara òun kì í ṣe ti òun, pé ohun tó bá wu ọkọ̀ àti àgbàlagbà ni wọ́n lè fi òun ṣe, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ jàǹbá gan-an nìyẹn. Ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀ kó jáwọ́ ńbẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìṣeré ò le. Eré ni ọmọdé fi ń ro nǹkan. Ẹ máa wo bó ṣe ń parí. Bí ẹnì kan bá ń jáde láàyè nínú ọkọ̀ náà, tí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ń dé, tí ìtàn ń yí padà lọ́jọ́ dé ọjọ́, eré náà ń ṣe é lóore. Bó bá jẹ́ ìkọlù kan náà ni, tí ojú rẹ̀ le koko, tí kò gbádùn rẹ̀, tí kò sì lópin, ó há síbẹ̀ ni. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kàn ròyìn rẹ̀ fún onímọ̀ náà bí ẹ ṣe rí i.

Wàyí o, kí ni onímọ̀ yẹn fẹ́ ṣe? Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó jọ TF-CBT, ìtọ́jú tí Judith Cohen, Anthony Mannarino àti Esther Deblinger gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìpàdé 12 sí 16 ló sábà máa ń gbà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òbí sì wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Kì í fi ìtàn bẹ̀rẹ̀, èyí tí mo rò pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìpàdé náà máa ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó ròyìn jàǹbá. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tó ń ṣe é lórúkọ, pé ó ń ṣe àwọn ọmọ mìíràn, pé kì í ṣe wèrè. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń mí láti ikùn, bí a ṣe ń di iṣan le ká tó dẹ̀ ẹ́, bí a ṣe ń mọ ìbẹ̀rù yàtọ̀ sí ìtìjú àti ìbínú, àti bí a ṣe ń fún ẹ̀rù ní máàkì láti 0 dé 10. Wọ́n á máa kọ́ ẹ̀yin náà ní yàrá kejì, kí ẹ lè bá a ṣe é nílé.

Bí ìtàn bá wá dé, ìwé kékeré ló sábà máa ń jẹ́. Ọmọ á máa sọ, onímọ̀ á máa kọ, tàbí kí ọmọ fúnra rẹ̀ yà á. Orí kìíní kì í kan jàǹbá rárá: orúkọ mi rèé, ọmọ ọdún báyìí ni mí, ohun tí mo fẹ́ràn rèé. Orí kejì lè jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ta ló jókòó síbo? Kí lo gbọ́? Kí lo ń rò nígbà yẹn? Bí máàkì ẹ̀rù bá fò dé 8, wọ́n á dúró, wọ́n á mí, wọ́n á sì tún padà sí ìlà tí wọ́n dé. Nígbà mìíràn tó bá wá, wọ́n á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fi tuntun kún un. "Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan" tó ń bà yín lẹ́rù nìyẹn. Nínú kíkà á lákàtúnkà ni 8 ti ń di 5, tí 5 ń di 2. Àwọn wẹ́wẹ́ yẹn á so pọ̀, ìtàn náà á sì wá ní òpin: wọ́n fà wá jáde, wọ́n gbé wa lọ sílé ìwòsàn, màmá mi wà níbẹ̀, mo wà láàyè. Ibẹ̀ náà ni "èmi ni mo fà á" ti máa ń yọjú, tí onímọ̀ á fi bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló di ìdarí ọkọ̀ mú? Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn lè tẹ bírékì bí? Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni rárá ti máa jáde, ìyẹn sì lágbára ju kí ẹ̀yin wí i fún un ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa sún un mọ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Á dúró tì í. Á jókòó sínú rẹ̀, ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí. Wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì láìlọ síbì kan. Wọ́n á wà á dé ìkángun òpópónà kí wọ́n sì padà. Òun ló máa ní ó yá, kò sí ìgbésẹ̀ tí wọ́n máa fò.

Ní ìparí, á ka ìwé rẹ̀ fún yín, ibi tí mo sì ní n óò padà sí nìyí. Onímọ̀ á ti ka ìtàn náà fún ẹ̀yin nìkan ṣáájú, kí ẹ lè sunkún yín níṣojú àgbàlagbà ẹgbẹ́ yín. Torí pé bí ọmọ bá ń kà á, ojú yín ni yóò máa wò, láti mọ̀ bóyá ẹ lè gbọ́ ọ kí ẹ sì dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbókìtì nínú ọkọ̀ yẹn, ìyá wa. Bí ẹ bá ń di àga mú nígbàkúùgbà tí bírékì bá dún, ó ń rí yín. Bí ẹ̀yin náà ò bá ń sùn, tí ẹ ń gba ọ̀nà mìíràn kí ẹ má baà kọjá níbẹ̀, ẹ lọ gba ìtọ́jú tiyín. Ọmọ tí ìpayà ìyá rẹ̀ ò tíì lọ kì í tètè bọ́. Owó àti àkókò tí ẹ bá ná lé ara yín lórí, ọmọ lẹ ná an lé.

Mo ní ọ̀nà tí kò dára wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí àlejò dé, kí wọ́n ní ó yá, sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òmíràn wọṣọ ìmọ̀: kí wọ́n kó àwọn tó yè jọ lọ́jọ́ kejì jàǹbá, kí wọ́n ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ jáde ní ìjókòó kan. Wọ́n ti dán ìyẹn wò dáadáa, kò dènà PTSD, àwọn ìlànà ìtọ́jú òde òní sì ní ká má ṣe é. Tí onímọ̀ yín bá ní lọ́jọ́ kìíní ni òun fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ dúró. Bí ó bá sì ń ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ má retí pé gbogbo ọ̀sẹ̀ ló máa dán. Nígbà tí ìtàn bá ń bẹ̀rẹ̀, àlá burúkú lè pọ̀ sí i fúngbà díẹ̀ lára àwọn ọmọ kan. Ẹ wí i, wọ́n á rọra. Ẹ má fi ìyẹn jáde, torí ọmọ tó dúró sí agbedeméjì ìtàn kò tíì dé ibi tí wọ́n ti fà á jáde.

Ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n ń pè ní EMDR náà wà, tí Francine Shapiro bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1987. Ọmọ á mú ìrántí náà sọ́kàn, ojú rẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé ọwọ́ onímọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ó wúlò, pàápàá fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í sí ipò kejì fún ọmọ ọdún 7 sí 17, bí TF-CBT ò bá ṣiṣẹ́ tàbí tí ọmọ ò bá gbà á. Àwọn kan á ní kí ẹ jẹ́ kí ọmọ kàn máa ṣeré lọ́dọ̀ onímọ̀, pé ìyẹn ló rọ̀ jù. Ó rọ̀ lóòótọ́, ó sì lè mú kí ọmọ fọkàn tán èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ ò tó ti àwọn méjì yìí. Ní tèmi, bí oṣù mélòó kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ọkọ̀ níbẹ̀, àgbàlagbà àti ọmọ jọ ń yẹra ni.

Oògùn tí yóò mú un gbàgbé kò sí. Ìlànà NICE ti 2018 ní ká má fi oògùn tọ́jú PTSD fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kìlọ̀ lọ́dún 2013 pé ká má fi oògùn ìsoríkọ́ wo PTSD ọmọdé. Àwọn oògùn amúnisùn tí wọ́n máa ń ní kí ẹ fún un díẹ̀ lálẹ́, ẹ má dán an wò. Dókítà tó rí ọmọ lè kọ oògùn fún àìlera mìíràn tó bá wà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kí ẹ tó gbé gbogbo ẹrù rù PTSD, ẹ ṣe nǹkan méjì. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, torí kòkòrò inú ìtọ̀ àti àtọ̀gbẹ náà máa ń mú ọmọ padà sí títọ̀ sórí ibùsùn. Kí dókítà sì yẹ orí rẹ̀ wò bí wọn ò bá tíì ṣe é lẹ́yìn jàǹbá. Orí tó mì nínú ọkọ̀ tó gbókìtì lè sọ ọmọ di onínúfùfù, kó má sì jẹ́ kó lè fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ẹ má nà án, ẹ má bú u lórí ìtọ̀. Bó bá bi yín léèrè nípa ọjọ́ náà, ẹ dáhùn ní ṣókí àti lóòótọ́.

N kò rí ọmọ yín, ẹ̀yà ìtàn yín kan ni mo sì mọ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n gba TF-CBT parí tí ìpayà náà ò kúrò, tí wọ́n ní láti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Bí ó bá sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá pàdé onímọ̀ náà, ẹ bi í léèrè pé ṣé ó kọ́ TF-CBT, àwọn ọmọ bíi ti yín mélòó ló ti tọ́jú, kí ló máa ṣe bí ọmọ bá kọ̀ tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, báwo ni yóò sì ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó ní ìwé ìbéèrè kan tí ọmọ máa kún ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì máa tún kún bí ìtọ́jú ṣe ń lọ. Kí ẹ sì béèrè ohun tó fẹ́ kí ẹ̀yin ṣe. Bí ó bá ní kí ẹ kàn máa jókòó níta dúró dè é, ẹ wá ẹlòmíràn.